Ta Ni Ẹ Ó Gbé Iṣẹ́ Hítà Balùwẹ̀ Yín Lé Lọ́wọ́?

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí òtútù òwúrọ̀ sì ń mú gidigidi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Ìkọ̀lé àti káàkiri ilẹ̀ Èkìtì, àwọn ènìyàn á padà sídìí hítà omi tí wọn kò tàn láti ìgbà òjò, ìgbà náà sì ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ omi máa ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ jù: iná ń gbé wa bí a bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ, omi ń kán lábẹ́ hítà, nǹkan kan ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Èló lẹ ó gbà bá wa pààrọ̀ rẹ̀?" Ìbéèrè owó kọ́ ló yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá dá iye lé iṣẹ́ náà lórí fóònù, láì tíì fojú kan ilé yín, kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe hítà náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó gbé hítà tuntun kọ́ sí ibi tí ewu àtijọ́ ṣì wà.

Kí oníṣẹ́ tó dé, ẹ pa bréékà hítà náà, kì í ṣe bọ́tìnnì ara ògiri nìkan. Oríṣi bọ́tìnnì kan wà tí ó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ló ń gé, bí wọ́n bá sì ti ṣi wáyà so níbẹ̀rẹ̀, iná á ṣì wà nínú hítà bí ẹ tilẹ̀ rò pé ẹ ti pa á. Bí omi bá ń gbé ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú balùwẹ̀ náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ se omi lórí sítóòfù.

Bí hítà yín bá jẹ́ ti gáàsì, ẹ pa á lẹ́nu sìlíńdà, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Gáàsì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti fi jó dáadáa máa ń mú kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì jáde, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á sì rò pé ibà ló dé. Iná gáàsì tí ó dára máa ń ní àwọ̀ búlúù. Bí ẹ bá rí i tí ó di pupa rúsúrúsú, tí èéfín dúdú sì ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ẹ má ṣe tàn án mọ́. Oníṣẹ́ tí ó bá gbé irú hítà bẹ́ẹ̀ kọ́ sínú balùwẹ̀ láìsí páìpù tí ń kó èéfín rẹ̀ jáde síta, ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ mọ́, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Hítà oníná ni ó pọ̀ jù nínú ilé wa, nítorí náà òun ni n óò sọ̀rọ̀ lé jù. Nígbà tí a bá ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ èyí tí ó ti ń fa wàhálà, a sábà máa ń rí ẹnu wáyà tí ó ti dúdú, tí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́, nítorí pé wọn kò dè é le tàbí pé wáyà náà tínrín jù. A máa ń rí wáyà ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, tí ó yẹ kí ó kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, tí ẹnìkan ti gé tí ó sì ká a jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù wà ní ìta, lára páìpù omi tútù: sẹ́fútì fáàfù tí wọ́n ti fi ìdérí irin dí lẹ́nu pinpin. Omi máa ń fẹ̀ sí i bí ó bá ń gbóná, fáàfù yìí ló sì ń jẹ́ kí ìwọ̀nba tí ó pọ̀jù jáde. Bí ó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Onílé tí kò mọ̀ á ní kí wọ́n bá òun dí i, oníṣẹ́ tí kò mọ̀ náà á sì dí i. Bí tẹ́mósítáàtì, ohun tí ń gé iná nígbà tí omi bá ti gbóná tó, bá wá kọ̀ láti gé iná, omi inú tánkì náà yóò gbóná kọjá 100°C láì lè hó di ooru omi nítorí pé kò rí àyè, ọjọ́ tí tánkì bá sì ya, gbogbo rẹ̀ ni yóò fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè wó ògiri, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì yìí le ní ọ̀dọ̀ wa ju ibi púpọ̀ lọ, nítorí pé ilẹ̀ olókùúta ni Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkéré, tí ẹ ń wo àpáta Olósùnta lójoojúmọ́, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ kì í jìn kí a tó kan àpáta. Oníṣẹ́ tí ń kánjú á gbá ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀, bí ó bá kan òkúta, á gé èyí tí ó kù, á sì bo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà ọyẹ́ tí a ń lo hítà jù ni ilẹ̀ máa ń gbẹ jù, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná bí ilẹ̀ tútù. Ká ní ẹ́ẹ̀tì ilé yín ní ìdènà (bí ó ṣe ń kọ̀ fún iná láti kọjá) ohm 50: bí wáyà bá kan ara irin hítà, volt 230 kò ní lè ti ju amp 4.6 lọ gba inú ilẹ̀. Bréékà amp 20 kò ní já rárá, ara hítà náà yóò sì máa gbé iná kiri títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ tútù kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ilé tó ní hítà ní RCCB onímilliamp 30, irú bréékà kan tí ń wo iná tó lọ àti iná tó padà, tí ó sì ń gé e kíákíá bí wọn kò bá dọ́gba. RCCB kò sọ pé kí a má ṣe ẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì ni ilé nílò, oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò sì fi ẹ̀rọ wọn ẹ́ẹ̀tì ṣáájú kí ó tó sọ pé ó dára.

Màmá kan ní Adó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ̀ńjíníà, ọmọ ìjọ wa ni ẹni tó ń bá mi ṣe iná ilé, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í ní ìwé ẹ̀rí?" Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní láti fi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé hítà ń gbé yín, kí ẹ wá bi í pé kí ni yóò kọ́kọ́ wò." Bí ó bá dáhùn pé òun yóò wo ẹ́ẹ̀tì, wáyà àti bréékà kí òun tó dá hítà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí ó wá. Bí ó bá jẹ́ pé irú hítà tí ẹ óò rà ló kọ́kọ́ ń dárúkọ, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ wo àpò irinṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: tẹ́sítà tó ń tan iná pupa nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò lè wọn ẹ́ẹ̀tì, kò sì lè sọ bóyá rọ́bà ara wáyà ṣì dára.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò iná tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ló ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò tí ó sì ń fún wọn ní ìwé. Àwọn mìíràn ní ti Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, tàbí ti NABTEB, àjọ tí ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí wọn kò ní ìwé kankan, tí ọwọ́ wọn sì mọ́, wà láàárín wa, n kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí omi àti iná ti pàdé lára ènìyàn tí kò wọṣọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ti dán wò ṣe é, tàbí kí ó wà níbẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tí wọ́n bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti lò ó ju ọyẹ́ kan lọ.

Ohun kan tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé púlọ́mbà ló ń gbé hítà kọ́, oníṣẹ́ iná ló ń so wáyà, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kálukú á ní ti ẹnìkejì ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gba gbogbo iṣẹ́ náà sọ́rùn, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni, kí ó sì ka ohun gbogbo tí yóò lò pẹ̀lú iye wọn. Ẹ rí i pé sẹ́fútì fáàfù àti RCCB wà nínú rẹ̀. Hítà onívòlt 230 tó jẹ́ wáàtì 3,000 ń fa nǹkan bí amp 13, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti inú àpótí bréékà, kò gbọ́dọ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríìjì pín. Ní ti wáyà, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà tí ó ní àmì SON, àjọ tí ń yẹ ojúlówó ọjà wò, kí oníṣẹ́ sì gé ẹnu rẹ̀ lójú yín: ayédèrú máa ń jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lásán, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, funfun á yọ.

Ẹ má san owó iṣẹ́ tán kí wọ́n tó dán an wò. Omi ni a kọ́kọ́ ń kún inú tánkì, títí omi yóò fi máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi gbígbóná láìsí afẹ́fẹ́, kí a tó tan iná, nítorí hítà tí kò ní omi nínú á jó élímẹ́ńtì rẹ̀, irin inú rẹ̀ tí ń mú omi gbóná, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó fi ẹ̀rọ wọn ẹ́ẹ̀tì lójú yín, kí ó kọ nọ́ńbà tí ó rí sílẹ̀, kí ó tẹ bọ́tìnnì ìdánwò RCCB kí ẹ rí i pé ó já, kí ó sì fi bí a ṣe ń gbé apá sẹ́fútì fáàfù sókè hàn yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò máa tẹ bọ́tìnnì RCCB náà lóṣooṣù, ẹ óò sì máa gbé apá fáàfù náà sókè ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí èérí omi má baà dí i. Bí omi kò bá jáde nígbà tí ẹ gbé e, ẹ pa bréékà, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ padà.