Postdoc nínú ìwádìí ìwé kíkà ọmọdé: kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Bí yunifásítì kan bá kéde pé òun ń wá postdoc tí yóò ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé kíkà, tíṣà ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á rò pé ẹni náà ń lọ kọ́ ọmọ ní a, b, d ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Postdoc kì í ṣe olùkọ́, kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ẹni tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ni, tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, pé kó bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan pàtó. Owó ìwádìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí gbà ni wọ́n sábà máa ń fi san owó oṣù rẹ̀. Bí owó bá tán, iṣẹ́ tán nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń wá iṣẹ́ tó kàn nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ kò tíì parí.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ká sọ̀rọ̀ lé. Ọmọ kì í lọ sílé ẹ̀kọ́ kó tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kì í dédé wá. Àwọn kan nínú kíláàsì á tètè mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn á máa jà fitafita, tíṣà kan náà ló sì ń kọ́ gbogbo wọn. Kí ló fà á?

Ohun kan tí àwọn olùwádìí yìí kì í yé dán wò ni bóyá ọmọ lè fi etí ya ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan nínú "bàtà", ó ṣeé ṣe kó pa á lẹ́ẹ̀mejì. Wá ní kó yọ ìró àkọ́kọ́ kúrò, kó sọ èyí tó kù. Ó yẹ kó dáhùn pé "àtà", ṣùgbọ́n ṣe ni yóò máa wò ọ́. Ní ọdún 1974, Isabelle Liberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n dán wò ló lè ka iye sílébù, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó lè ka iye ìró.

Àwọn ọmọ tó mọ èyí ṣe dáadáa ló sì sábà máa ń mọ ìwé kà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó lè jẹ́ pé ìwé kíkà ló la ọmọ náà létí. Ó sì lè jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ń bá a ṣeré ọ̀rọ̀ ló fún un ní méjèèjì. Lójú tèmi, títú ìdí yìí ni iṣẹ́ postdoc. Ìyókù, irinṣẹ́ ni.

Lynette Bradley àti Peter Bryant ní yunifásítì Oxford gbìyànjú rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 1983. Wọ́n kọ́kọ́ dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún tí kò tíì mọ̀wé kà wò: wọ́n á pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọmọ mú èyí tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ jáde. Bí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Yorùbá, a lè pe "bàtà, bọ́ọ̀lù, bẹ́ǹṣì, màlúù". Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọmọ 65 lára wọn, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Wọ́n fi àwòrán kọ́ àwọn kan ní ìró nìkan, wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìró pẹ̀lú lẹ́tà oníke. Àwọn kan lo àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ni wọ́n fi ń to tiwọn pọ̀, kì í ṣe ìró. Àwọn tó kù kò gba ẹ̀kọ́ àfikún kankan. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó gba ìró àti lẹ́tà pọ̀ ló ta yọ. Ẹgbẹ́ onítumọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ètò náà, torí òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe àkíyèsí àgbà lásán ló mú àwọn ọmọ náà tẹ̀síwájú.

Ẹjọ́ náà kò sì parí síbẹ̀. Ní ọdún 1979, ìyẹn kí iṣẹ́ Oxford tó jáde, José Morais àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán àwọn àgbàlagbà wò ní Potogí. Ó ṣòro gan-an fún àwọn tí kò kàwé rí láti yọ ìró kan kúrò lórí ọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ́ ìwé kíkà nígbà tí wọ́n ti dàgbà ṣe é dáadáa jù wọ́n lọ. Nítorí náà ìwé kíkà náà ń la etí. Kálukú ń ti èkejì síwájú.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, postdoc á kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí i pé ìwádìí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, á gba ìyọ̀ǹda òbí, kó tó wá lọ jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé ìwé. Ó máa ń lo ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, bí "tògúfẹ̀", torí ọmọ tó bá kà á pé, kò lè jẹ́ pé orí ló fi mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ tó ń tọ ojú ọmọ lórí ìlà ìwé.

Èdè náà tún ń da nǹkan rú. Ìwádìí Philip Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2003 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan nílé ìwé, àwọn ọmọ Fínlándì ka nǹkan bí 98 péye nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀, àwọn ọmọ Skọ́tílándì tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì ka 34. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí wúruwùru lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ni ti Fínlándì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ti Skọ́tílándì, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì tún padà wá: kí ló fà á, ṣé àkọtọ́ ni àbí ọjọ́ orí? Ìdí nìyẹn tí ìpolówó iṣẹ́ yìí fi sábà máa ń béèrè ẹni tó mọ ètò ìṣirò ìwádìí dunjú. Ìlà yẹn náà ló sì máa ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá.