Ṣọ́ọ̀kì gígùn kọ́ ló ń sọ kẹ̀kẹ́ di gidi

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń gùn lórí òkè àti nínú igbó, ìyẹn irú èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn: wọ́n gbà pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe gùn tó ni kẹ̀kẹ́ náà ṣe dára tó. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ yóò wo kẹ̀kẹ́ méjì tí iye owó wọn dọ́gba, yóò rí i pé ti ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 130, tí ti èkejì jẹ́ 170, yóò sì ka 40 tó lé yẹn sí èrè. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. London ni mò ń gbé, Surrey Hills ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti máa ń gun kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Leith Hill, tó ga jù lọ níbẹ̀, kò ju mítà 294 lọ, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi owó gidi rà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn òkè ńláńlá Alps. Ẹni tó tà á fún mi kò béèrè ibi tí mo ti fẹ́ máa gùn ún, èmi náà kò sì béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju iye mìlímítà lọ.

Ohun tí iye yẹn ń wọ̀n ni bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe lè gbéra sókè tó nígbà tó bá gun òkúta tàbí gbòǹgbò, kí ṣọ́ọ̀kì tó wọlé tán. Àwọn kẹ̀kẹ́ eré ìje inú igbó, irú èyí tí wọ́n ń gùn ní Òlíńpíìkì, sábà máa ń ní 100 sí 120. Kẹ̀kẹ́ gbogboògbò tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní trail máa ń wà láàárín 120 sí 150, èyí tí wọ́n ń pè ní enduro máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 150 lọ sókè, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún sísọ̀kalẹ̀ nìkan sì máa ń tó 200. Irú ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ wà fún ni iye yìí ń fi hàn. Bí nọ́ńbà bàtà ló rí: ẹni tó ń wọ 42 kò ní tìtorí pé iye kan náà ni wọ́n ń ta gbogbo rẹ̀ kó wá lọ gbé 46.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé wáyé o. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ìdíje Repack ní 1976 lẹ́bàá ìlú Fairfax, ní Marin County ti ìpínlẹ̀ California, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bíréèkì tó wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ yóò jó dànù, tí wọ́n á sì ní láti rọ tuntun sí i kí wọ́n tó tún un gùn. Ibẹ̀ ni orúkọ ìdíje náà ti wá, torí “tún un rọ” ni repack túmọ̀ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. RS-1, fọ́ọ̀kì (ìyẹn ṣọ́ọ̀kì iwájú) àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ RockShox ṣe ní nǹkan bí 1989, kò lè wọlé tó mìlímítà 50, síbẹ̀ fọ́ọ̀kì RockShox ni Greg Herbold, agùnkẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, lò nígbà tó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ti sísọ̀kalẹ̀ ní Durango, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní 1990. Láti orí òfo dé 50, láti 50 dé 100, gbogbo ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láyé ìgbà yẹn ló fi apá àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nígbà náà. A kàn ń gbé òótọ́ ìgbà yẹn kiri títí di òní ni, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe tó wà láàárín 130 sí 170 kò jọ èyí tó wà láàárín òfo sí 50 rárá.

Ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ló sì yẹ kó ṣọ́ra jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá mú nǹkan bí 2,000 sí 3,000 pọ́ùn lọ́wọ́ lè rí kẹ̀kẹ́ tuntun tó ṣeé fọkàn tán rà, àmọ́ owó náà kò pọ̀ tó láti fi ra ohun gbogbo. Iṣẹ́ méjì ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Sípíríìǹgì rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú àgbá kékeré, ló ń gbé ìwúwo ẹni, tó sì ń gba ìkọlù ilẹ̀ mọ́ra. Òróró tó ń gba ihò tóóró kọjá nínú rẹ̀ ló ń fa sípíríìǹgì yẹn ní ìjánu, tó ń sọ agbára ìkọlù náà di ooru, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa ta bíi bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹni. Sípíríìǹgì gígùn kò wọ́n láti ṣe. Ọ̀dọ̀ òróró ni owó ń lọ. Nínú fọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú, bí ìkọlù bá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò mẹ́fà bá tò tẹ̀lé ara wọn tí eré sì ń lọ, òróró kò ní ráyè kọjá bó ṣe yẹ, fọ́ọ̀kì kò ní tíì nà tán kí òmíràn tó dé bá a, yóò sì máa kúrú sí i títí yóò fi le gan bí igi. Ẹni tó sanwó 170 lè má ní ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ní ibi tó ti nílò rẹ̀ jù.

Fọ́ọ̀kì gidi kan ṣoṣo, bí a bá rà á lọ́tọ̀, lè ju 1,000 pọ́ùn lọ. Iléeṣẹ́ tó bá wá fẹ́ ta odindi kẹ̀kẹ́ oní-170 ní 2,300 gbọ́dọ̀ gé owó níbì kan, yálà lára fọ́ọ̀kì náà, lára rímù, lára táyà, tàbí lára bíréèkì, èyí tó burú jù nínú wọn, torí pé kẹ̀kẹ́ tó ń pe ẹni sí eré sísá níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí kò lè dúró. Ní iye owó kan náà, ó rọrùn láti rí kẹ̀kẹ́ oní-130 tàbí 140 tí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 34 tàbí 35, tó ní bíréèkì oní-písítìnì mẹ́rin bíi ti Shimano Deore, àti òpó ìjókòó tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀.

Ti gígun òkè tún wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ gígùn máa ń dagun síwájú gan-an, ní nǹkan bí dígíríì 63 tàbí 64 sí ilẹ̀. Èyí ń fi ẹni lọ́kàn balẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́, àmọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́ àti níbi tí à ń rọra pọ́n òkè, ẹsẹ̀ iwájú yóò máa yà sọ́tùn-ún sósì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ti wí. Ẹni tó ń lọ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní Fort William ní Scotland tàbí BikePark Wales ní Merthyr Tydfil lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún nílò kẹ̀kẹ́ gígùn lóòótọ́. Èmi tí mò ń lo wákàtí méjì nínú mẹ́ta láti fi gun òkè, kí n tó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹrù ni mo rà.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ṣọ́ọ̀kì òun kúrú, ó yẹ kó wò ó bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ìwúwo òun mu. Wọ gbogbo ohun tí o máa ń wọ̀ gun kẹ̀kẹ́, gbé omi rẹ, jókòó, kí o sì wo bí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ṣe wọlé tó: ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yẹ kó jẹ́. Bí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì bá lè wọlé ní mìlímítà 55, èyí á jẹ́ nǹkan bí 14 sí 16. Fún fọ́ọ̀kì iwájú, 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó. Owó pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí wọ́n fi ń ṣe é kò ju owó ìrẹsì àti ẹran ẹni méjì ní Peckham, ní London, lọ, síbẹ̀ mo mọ ẹni tó ti pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìtíì fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ inú ọ̀kankan.

Rọ́bà róbótó kékeré kan sábà máa ń wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Bí a bá tì í wálẹ̀ kí a tó gbéra, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ni yóò tì í lọ sí ibi tó wọlé dé, ibẹ̀ ni a ó sì bá a nígbà tí a bá dé. Ẹni tó bá ń yá kẹ̀kẹ́ gùn kó tó rà, kó gùn ún níbi tó le jù nínú ibi tó máa ń lọ, kó sì wá wo rọ́bà yìí. Mo wo ti kẹ̀kẹ́ mi àkọ́kọ́ yẹn fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì pé bó ṣe yẹ: lẹ́yìn Leith Hill, lẹ́yìn Holmbury, lẹ́yìn Pitch Hill, kò kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀pá náà rí. Nígbà tí mo tà á, apá tó kù yẹn ṣì ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á.