Níbo ni èérún tó di ayé yìí ti wá?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ní nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, ooru gbígbóná janjan ló kún àgbáálá ayé bó ṣe ń fẹ̀. Báwo ni ooru ṣe wá di ohun tá a lè fọwọ́ bà?

Ìdáhùn: Agbára lè di èérún, èérún náà sì lè padà di agbára. Èyí ni ohun tí Albert Einstein fi hàn ní 1905. Kí ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tó pé, ooru pọ̀ débi pé tí ìtànṣán méjì bá forí gbárí, èérún méjì ló ń jáde: èérún kan àti èérún òdì tó bá a mu, ìyẹn ìkejì rẹ̀ tí agbára iná ara rẹ̀ jẹ́ òdìkejì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíńtín tó máa ń yí ọkàn átọ́ọ̀mù ká, kì í dá wá. Pọ́sítírọ́ọ̀nù, èérún òdì rẹ̀ tí Carl Anderson ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1932, ló ń bá a rìn. Tí àwọn méjèèjì bá tún pàdé, wọn á pa ara wọn rẹ́, wọn á di ìtànṣán.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí nǹkan kan fi ṣẹ́ kù nígbà náà?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun èèyàn mọ́ra nìyí. Ká ní iye èérún àti èérún òdì dọ́gba ni, kò ní sí ìràwọ̀, kò ní sí omi, kò ní sí ẹni tó máa béèrè. Ṣùgbọ́n níbi tí èérún òdì ti jẹ́ bílíọ̀nù kan, èérún tiwa fi nǹkan bí ẹyọ kan péré jù ú lọ. Ẹyọ yẹn ni gbogbo wa. Ìtànṣán ìgbà náà ṣì wà lójú ọ̀run títí dòní, ó kàn ti tutù ni. Arno Penzias àti Robert Wilson kéde rẹ̀ ní 1965. Tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù kan ẹyọ ìtànṣán sí pùrótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ọ̀kan lára èérún tó wà nínú ọkàn átọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni àwọn èérún tó ṣẹ́ kù di átọ́ọ̀mù?

Ìdáhùn: Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, pùrótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù, èérún kejì inú ọkàn átọ́ọ̀mù, ti so pọ̀ di ọkàn átọ́ọ̀mù hílíọ́ọ̀mù. Àmọ́ ó tó nǹkan bí 380,000 ọdún kí ooru tó rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkàn átọ́ọ̀mù fi lè di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mú, kí wọ́n sì di átọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè: Kí ló mú ẹyọ kan yẹn lé?

Ìdáhùn: Kò tíì sí ẹni tó mọ̀. Ní 1964, James Cronin àti Val Fitch rí i pé èérún kan tó ń jẹ́ kaon àti èérún òdì rẹ̀ kì í hùwà bákan náà pátápátá. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní CERN, ilé ìwádìí èérún ti ilẹ̀ Yúróòpù, rí irú ìyàtọ̀ yìí lára ìbátan pùrótọ́ọ̀nù. Lójú tèmi, kò sí ìwádìí tó níyì jù èyí lọ, nítorí ìyàtọ̀ tí wọ́n ti rí kéré jìnnà sí èyí tó lè bí ayé.