Sáà 1982–83 Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Ọkùnrin Yunifásítì Houston

Ní sáà 1982–83, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin ti Yunifásítì Houston, tí orúkọ ìnagijẹ wọn ń jẹ́ Cougars, borí nínú ìdíje 31, wọ́n sì pàdánù 3 péré. Guy Lewis ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gbọ̀ngàn Hofheinz Pavilion ní ìlú Houston, ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sì ni ilé wọn. Gbogbo ìdíje 16 tí wọ́n gbá ní Southwest Conference, líìgì àwọn yunifásítì agbègbè wọn, ni wọ́n borí. Kí ìdíje NCAA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀, ipò kìn-ín-ní ni ìbò àwọn akọ̀ròyìn Associated Press fi wọ́n sí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ife-ẹ̀yẹ NCAA gan-an ni ọwọ́ wọn kò tẹ̀, nítorí pé North Carolina State fi 54 sí 52 borí wọn ní àṣekágbá.

Eré sísá àti fífò ni Lewis fi mọ ẹgbẹ́ náà. Láti ọdún 1967 sí 1976 ni NCAA fi òfin de kí agbábọ́ọ̀lù fò sókè kí ó sì ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀ látòkè. Lójú Lewis, irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ló ṣòro jù lọ láti tàsé, nítorí náà ó ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ níyànjú láti máa ṣe é. Clyde Drexler, Larry Micheaux, Michael Young, Benny Anders àti ọ̀dọ́mọdé Alvin Franklin, tí ń darí bọ́ọ̀lù, wà lára àwọn tó mú èrò náà ṣẹ.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ kan ilé Yorùbá jù lọ nínú wọn ni Akeem Ọlájuwọ́n, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ń ta sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣọ́lé, àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti di ọ̀dọ́ kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ọdún 1980 ni ó sì dé Houston. Kò gbá ìdíje kankan ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà ìsinmi ooru, ó máa ń bá Moses Malone, ọ̀kan lára àwọn òjògbọ́n agbábọ́ọ̀lù tó lágbára jù lọ nígbà náà, fà á ní gbọ̀ngàn Fonde ní ìlú náà, ibẹ̀ sì ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ara jìjàdù àyè lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sáà 1982–83 fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di òpó àárín ẹgbẹ́ náà.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1982, Syracuse borí wọn, Virginia sì tún borí wọn ní ìlú Tokyo, ní orílẹ̀-èdè Japan. Lẹ́yìn èyí, wọ́n borí nínú ìdíje 26 léraléra. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 ni Thomas Bonk, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Houston Post, sọ wọ́n ní Phi Slama Jama. Orúkọ yìí sín àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin Amẹ́ríkà tí ń fi lẹ́tà Gíríìkì jẹ́ orúkọ jẹ, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń pe bọ́ọ̀lù àkìbọ̀ kún un.

Ní ìdíje NCAA, wọ́n borí Maryland, Memphis State àti Villanova. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, wọ́n pàdé Louisville ní gbọ̀ngàn The Pit ní Albuquerque, ìpínlẹ̀ New Mexico. Louisville ló ń ṣíwájú pẹ̀lú 41 sí 36 nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ parí. Ìdajì kejì ni Houston tú jáde bí odò tó kún àkúnya, wọ́n sì borí pẹ̀lú 94 sí 81.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 4, tí í ṣe ọjọ́ àṣekágbá, Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá North Carolina State, kọ̀ láti jẹ́ kí Houston sáré. Drexler ti jẹ̀bi fáwù mẹ́rin kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, North Carolina State sì ń fi 33 sí 25 ṣíwájú nígbà tí wọ́n sinmi. Nígbà tí wọ́n padà dé, Houston gba àmì 17 sí 2, wọ́n sì fi 42 sí 35 ṣíwájú. Ibi gíga ni Albuquerque, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ó sì ti rẹ àwọn ọmọ Houston. Lewis ní kí wọ́n máa fa bọ́ọ̀lù nílẹ̀, nítorí pé kò tíì sí òfin ní ìdíje NCAA nígbà náà tó ní kí ẹgbẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pàtó. Ìpinnu yìí ni ó gba ohun ìjà kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà ní lọ́wọ́ wọn. Àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ fáwù wọn kí wọ́n lè máa ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, Houston sì ń tàsé. Ní 52 sí 52, Franklin pàdánù tirẹ̀. Nígbà tí àkókò ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Anders fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ọ̀lù gbà. Dereck Whittenburg jù ú láti ọ̀nà jíjìn, kò dé apẹ̀rẹ̀, Lorenzo Charles sì gbá a mú lójú afẹ́fẹ́, ó sì kì í bọ inú rẹ̀: bọ́ọ̀lù àkìbọ̀, tí í ṣe ti Houston gan-an, ni ó ṣẹ́gun wọn.

Ọlájuwọ́n gba àmì 20 lálẹ́ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà ni ó sì gbà mú. Òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ nínú ìdíje náà, láti ìgbà náà wá, kò tíì sí ọkùnrin mìíràn láti inú ẹgbẹ́ tó pàdánù àṣekágbá tó gba oyè yẹn. Drexler kúrò ní yunifásítì náà ní ọdún 1983 láti di òjògbọ́n agbábọ́ọ̀lù. Ọlájuwọ́n dúró fún sáà kan sí i, ó tún kó wọn dé àṣekágbá ọdún 1984, níbi tí Georgetown ti borí wọn. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní ẹgbẹ́ Houston Rockets, wọ́n sì jọ gba ife-ẹ̀yẹ NBA, líìgì àwọn òjògbọ́n agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1995.