Fáìlì Ará Ìlú: Iṣẹ́ Tí Ilé Iṣẹ́ Rédíò Kò Gbọdọ̀ Fi Dọ̀la

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló ni orí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò. Ará ìlú ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí FCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn, fi ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á, èyí tí à ń pè ní fáìlì ará ìlú. (Ìlànà ti LPFM, àwọn rédíò kéékèèké, yàtọ̀ díẹ̀.) Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fáìlì yìí máa ń wà tẹ́lẹ̀. Láti 2012 ni ti tẹlifíṣọ̀n ti ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi di oṣù kẹta 2018, ti rédíò náà ti débẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbé ìwé kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ ń hàn lára rẹ̀.

Èyí tó ń kó bá àwọn ilé iṣẹ́ kékeré jù ni àkọsílẹ̀ ìṣòro àdúgbò àti ètò tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Gbèdéke rẹ̀ ni ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá. “Ètò òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ìlú” kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ìkún omi. Ètò Òwúrọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 oṣù karùn-ún, aago méje ààbọ̀, ìṣẹ́jú 25. Ọ̀gá panápaná ṣàlàyé ibi tí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò lè sá lọ.” Lọ́jọ́ tí ètò bá wáyé gan-an ni kí olóòtú ti kọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ta ló tún rántí iye ìṣẹ́jú tí àlejò fi sọ̀rọ̀?

Ti òṣèlú kò gba ìdúró rárá. Bí olùdíje bá béèrè àyè ìpolówó, ẹ gbà o, ẹ kọ̀ o, ó gbọ́dọ̀ wọ fáìlì kíákíá, láàárín wákàtí 24 lọ́pọ̀ ìgbà: iye owó, ọjọ́ àti aago. Ọdún méjì ni yóò wà níbẹ̀. Èyí gan-an ló ká mi lára jù, torí alátakò rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè tó dọ́gba, ọjọ́ méje péré sì ni òfin fún un láti béèrè. Bí fáìlì bá pẹ́, ẹ ti gba ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ nìyẹn.

Ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń tún ìwé àṣẹ ṣe, ẹ ó sì fọwọ́ sí i pé gbogbo ìwé inú fáìlì wọlé lásìkò. Dọ́là 10,000 ni ìtanràn FCC ti ń bẹ̀rẹ̀ fún fáìlì tí kò pé, wọ́n sì lè fi kún un tàbí kí wọ́n dín in. Bí ìwé kan bá ti pẹ́, ẹ gbé e sókè lónìí, ẹ kọ ọ́ sí i pé ó pẹ́, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tún ìwé àṣẹ ṣe.