Báwo Ni Ẹja Muskie Ṣe Ń Mú Ìdẹ Nínú Òkùnkùn?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní adágún Mille Lacs, ní ìpínlẹ̀ Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ọ̀pọ̀ apẹja ń wa ọkọ̀ wọn bọ̀ sí èbúté, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé tiwọn sómi ni. Muskie ni wọ́n ń lépa. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe kàyééfì: òkùnkùn biribiri, omi tó jìn, ìdẹ tí wọ́n fi irin àti irun ṣe. Kí ni ẹja fi ń rí i?

Ìbéèrè: Irú ẹja wo tiẹ̀ ni muskie?

Ìdáhùn: Ẹja apẹranjẹ ni, inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé ní àríwá Amẹ́ríkà: Minnesota, Wisconsin, adágún St. Clair, odò St. Lawrence, títí wọ Kánádà. Ó gùn gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ eyín tó wà nínú rẹ̀ mú ṣáṣá. Wisconsin ti fi í ṣe ẹja ìpínlẹ̀ wọn láti ọdún 1955. Ní November 2021, wọ́n mú ọ̀kan ní Mille Lacs tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 56, ìyẹn ju kílò 25 lọ. Ó wúwo ju èyí tí wọ́n mú lọ́dún 1957 lọ, tó ti jẹ́ èyí tó wúwo jù ní Minnesota títí dìgbà yẹn. Ẹja yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń fura, débi pé àwọn apẹja máa ń sọ pé ó di ìgbà ẹgbàárùn-ún téèyàn bá ju ìwọ̀ kó tó mú ẹyọ kan.

Ìbéèrè: Ṣé ojú rẹ̀ ló mú tó bẹ́ẹ̀ lóru?

Ìdáhùn: Ojú kọ́. Walleye, ẹja mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé adágún kan náà, ló ní awọ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀. Ojú muskie dára lọ́sàn-án, àmọ́ tó bá di òru, ara rẹ̀ ló gbára lé jù.

Tí ẹ bá yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ muskie sókè, ẹ ó rí àwọn ihò kéékèèké tó tò lọ, láti mẹ́fà dé mẹ́sàn-án lápá kọ̀ọ̀kan. Ojú abẹ́rẹ́ ni ẹni tí kò mọ̀ máa pè é. Irú rẹ̀ tún wà lórí rẹ̀, ó sì tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ títí dé ìrù. Inú àwọn ihò yìí ni àwọn ohun tín-tìn-tín bí irun wà, tí wọ́n máa ń tẹ̀ tí omi bá mì. Ẹja kékeré tó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan péré ti mi omi, muskie tó sì wà nítòsí ti mọ̀ ibi tó gbà kọjá.

Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Muskie tí ara rẹ̀ pé máa ń yọ́ lọ bá ẹran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọn ò jẹ́ kó ríran kò yọ́ lọ bá ohunkóhun mọ́. Ńṣe ló dúró sójú kan, tó jẹ́ kí ẹran náà sún mọ́ ọn dáadáa, kó tó fò mọ́ ọn. Èmi ò rò pé ohun mìíràn wà tó ṣàlàyé ẹja pípa lóru tó èyí. Lóòótọ́, òkùnkùn adágún kì í ṣe ìfọ́jú, ẹja náà ṣì lè rí òjìji nǹkan nítòsí ojú omi. Àmọ́ agbára tó fi ń lépa nǹkan lókèèrè ti dín kù. Ìdẹ ló gbọ́dọ̀ wá bá a, kó sì máa mi omi bó ṣe ń bọ̀.

Ìbéèrè: Kí wá nìdí tí wọ́n fi ń lo ìdẹ dúdú nínú òkùnkùn?

Ìdáhùn: Torí pé ìsàlẹ̀ ni ẹja ń gbé wo òkè. Ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju inú omi lọ, kódà nígbà tí kò sí òṣùpá, ohun dúdú ló sì ń ṣíji bo ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn jù lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ gbà mí lákòókò. Ìró ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ìdẹ onírun tó ní irin pẹlẹbẹ ńlá méjì tó ń yí, tàbí èyí tó ń léfòó tí ìrù rẹ̀ ń yí, tó ń dún pọ́-pọ́-pọ́ lórí omi.

Ìbéèrè: Báwo ni kéèyàn ṣe máa fà á?

Ìdáhùn: Lọ́nà kan ṣoṣo, láìyára jù, láìdúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lọ́sàn-án ti ń kùnà. Lọ́sàn-án, téèyàn bá já ìdẹ gbà lójijì tàbí tó dá a dúró, ó lè mú kí ẹja tó ń tẹ̀ lé e bínú gbé e. Lóru, ẹja ń fò sí ibi tó gbà pé ìdẹ máa dé ni. Tẹ́ ẹ bá yí eré rẹ̀ padà, omi lásán ló máa ya ẹnu bá.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín máa gbọ́ ọ. Bí irin ìdẹ bá ń yí dáadáa, ọ̀pá ìwọ̀ á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín, kò ní yára ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, kò sì ní falẹ̀. Tí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ewé omi ti lọ́ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ fà á wálé, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un jù.

Tí ìdẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ má gbé e kúrò lómi. Ẹ ti orí ọ̀pá bọmi, kẹ́ ẹ fi ìdẹ náà ya nọ́ńbà 8 tó fẹ̀, tí kò ní kọ́nà, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Muskie máa ń tẹ̀ lé ìdẹ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ lè rí i kẹ́ ẹ tó pinnu. Lóru, ẹ ò lè rí i, nítorí náà gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ju ìwọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ṣe é.

Tí omi bá sì dún gbàà níbi tí ìdẹ tó ń léfòó wà, ẹ má fa ọ̀pá torí ìró yẹn. Ẹja lè ti tàsé. Ẹ máa fà á lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti wúwo.

Ìbéèrè: Ṣé òṣùpá ṣe pàtàkì?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá ní wákàtí tó bá ń yọ. Èmi á kúkú wo ibi tí ẹja kéékèèké wà, létí koríko omi àti lórí àpáta tí omi ò ti jìn, níbi tí ọkọ̀ àti àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ti fi ariwo kún lọ́sàn-án.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu, fún yín àti fún ẹja. Ẹ lọ mọ ibi àpáta lójúmọmọ. Ẹ má dá lọ. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kẹ́ ẹ sì tan iná pupa àti àwọ̀ ewé tó wà níwájú ọkọ̀ àti funfun tó wà lẹ́yìn, torí òfin ni. Àwọ̀n ńlá, píláyà ọlọ́rùn gígùn àti ohun tẹ́ ẹ lè fi gé ìwọ̀ gbọ́dọ̀ ní ààyè tiwọn, kí ọwọ́ lè kàn wọ́n láìwò. Tọ́ọ̀ṣì orí di ìgbà tí ẹja bá ti wọ àwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí ẹja wà nínú omi nínú àwọ̀n náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ìwọ̀. Ìwọ̀ tó bá há jù, ẹ gé e. Tẹ́ ẹ bá máa gbé e, ẹ fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀ ró, ẹ má fi ẹnu gbé e kọ́. Ní ọ̀pọ̀ adágún Minnesota, èyí tí kò bá tó íǹṣì 54, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀, dandan ni kó padà sómi, ọ̀pọ̀ apẹja sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti gbóná tó nǹkan bíi ìwọ̀n 27 Celsius, ẹja tó bá ti jà tán lè kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi í sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù òru kò sì tó láti mú kí omi adágún tutù. Lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹja mìíràn ni kẹ́ ẹ lépa.