Ilé Èrò Àkúrẹ́: Inú Uá Ni Hòtẹ́ẹ̀lì Ìpàdé Ti Ṣẹ̀

Tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ wá ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn ní Àkúrẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: hòtẹ́ẹ̀lì wo ló wà láàárín ìlú tó ní họ́ọ̀lù ńlá, tí yàrá rẹ̀ pọ̀, tí èèyàn sì lè ti ibẹ̀ jáde lọ wo nǹkan tó dára? Ìdáhùn ìyẹn kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e ló ń dùn mí. Wọ́n á ní òyìnbó ló kó irú ilé bẹ́ẹ̀ wá bá wa, pé kí wọ́n tó dé, abẹ́ igi la ti ń ṣèpàdé, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣú àlejò sí náà ló ń sùn. Mi ò gbà. Ọmọ Àkúrẹ́ tó bá mọ ilé bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ dì mú kò ju pé ní 1915, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú Ẹkùn Oǹdó, àwọn aláṣẹ wọn tó ń rìn kiri sì nílò ibi tí wọ́n á sùn sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìsinmi òyìnbó kan pẹ̀lú kúkù rẹ̀ ha ni hòtẹ́ẹ̀lì ìpàdé bí? Ta ló pàdé níbẹ̀? Èwo nínú àwọn ìjòyè wa ló jókòó níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìlú fi yanjú? Mo fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ààfin ni kí á lọ. Ìtàn tí a jogún sọ pé ọdún 1150 ni wọ́n kọ́ ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, ní àárín gbùngbùn ìlú, níbi tó ṣì wà títí dòní lẹ́bàá Ọjà Ọba. Uá tó wà nínú rẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún àwọn tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, uá ni àgbàlá tí ilé yí ká: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpó tó gbé òrùlé dúró, àárín rẹ̀ sì ṣí sí ojú ọ̀run. Bí òjò bá rọ̀, àárín uá ló ń dà sí, ojú àgbàrá á sì gbé e jáde lábẹ́ ògiri. Bí oòrùn bá mú, ògiri amọ̀ tó nípọn kò jẹ́ kí ooru ráyè wọlé. Mo ti dúró nínú ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án gangan, láàárín oṣù kẹta tí ooru Àkúrẹ́ ń dáni lágara, ara mi sì tù pẹ̀sẹ̀. Ilé ìtura la ń pe hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé tó ń tu ara láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, tí kò sì jẹ epo jẹnẹrétọ̀, kí ni ká wá pe ìyẹn?

Ohun tó dá mi lójú jù lọ ni pé uá kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Uá Ùbúra wà fún ìbúra nìkan. (Àwa ará Àkúrẹ́ máa ń fi “u” síbi tí àwọn mìíràn ti ń fi “i”: ulé ni ilé, ùbúra sì ni ìbúra. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní í ṣìnà láàárín wa.) Uá Ìkómọ wà fún ìsọmọlórúkọ, nítorí ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Uá kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jẹ́mifọhùn. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: jẹ́ mi fọhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Mi ò tíì rí họ́ọ̀lù ìpàdé kan láyé yìí tí orúkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo hòtẹ́ẹ̀lì ńlá òde òní. Họ́ọ̀lù kan wà fún gbogbo èrò, yàrá kéékèèké wà fún àwọn ìgbìmọ̀ tó fẹ́ lọ dá jókòó, ibì kan wà fún ìforúkọsílẹ̀, ibì kan wà fún oúnjẹ. Ètò uá náà nìyẹn. Ohun tí ẹni tó ń ya àwòrán ilé ń kọ́ ní yunifásítì ni àwọn baba wa ti fi amọ̀ mọ.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ á ní ààfin Ọlọ́wọ̀ ni àgbàlá rẹ̀ pọ̀ jù, pé ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo kí wọn, àgbàlá wọn pọ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ là ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi jù.

Bí a bá sì fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, a óò kọjá ọdún 1150 dáadáa. Ní nǹkan bíi kìlómítà 24 sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìsàrun, àpáta kan wà tó ṣíji bo ilẹ̀ bí òrùlé. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú egungun èèyàn níbẹ̀, agbárí rẹ̀ sì lé ní 11,000 ọdún. Kò sí egungun èèyàn mìíràn tí wọ́n tíì rí ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó dàgbà jù ú lọ. Inú ìwé àwọn onímọ̀, “Iwo Eleru” ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n Ihò Eléérú gan-an lorúkọ rẹ̀, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Ibi tí èmi ti ń ronú sí nìyí. Eérú kò lè wà níbi tí iná kò sí. Iná kò sì lè wà nínú ihò fún ìgbà pípẹ́ kí èèyàn má yí i ká. Àwọn ọdẹ tó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú òkúta ṣóńṣó-ṣóńṣó tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́, ǹjẹ́ wọn kì í jókòó lálẹ́ kí wọ́n pín ẹran, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n máa gbà lọ́la? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ṣáájú? Bí ọdẹ àjèjì kan bá gba ẹ̀yìn òkè dé, ṣé wọ́n á lé e padà sínú òjò ni? Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìwà àwọn ará ilẹ̀ yìí, mo sì gbà pé wọ́n sún fún un. Abẹ́ òrùlé kan, iná kan, ọ̀rọ̀ àjọsọ, àti àyè fún àlejò: lójú tèmi, kò sí ohun tó kù.

Ẹni tó tẹ Àkúrẹ́ dó pàápàá, àlejò ni. Aṣọdẹbóyèdé ni orúkọ tí ìtàn fún un, ẹni tó ṣọdẹ títí tó fi bá oyè dé. Ọmọrẹ̀milẹ́kún ni orúkọ rẹ̀ mìíràn, ọmọ ìran Odùduwà ni, ó ń dẹ igbó ọba láti Ifẹ̀ bọ̀. Ibi tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti já ni wọ́n ti ní “Àkún rẹ́,” ìyẹn sì di Àkúrẹ́.

Èyí tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu gbogbo alátakò ni ti oyè Déjì. Kì í ṣe Déjì ni wọ́n ń pe ọba wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ajapádà ni oyè rẹ̀. Nígbà tí Ọwá Atakúnmọ́sà ti Iléṣà ń rin ìrìn Bìní, ìtàn sọ pé ó dúró ní Àkúrẹ́. Ó wọ̀ sí ààfin bí ọba ṣe ń wọ̀ sọ́dọ̀ ọba. Níbẹ̀ ni òun àti ọmọbìnrin ọba ti mọ ara wọn, wọ́n sì bí ọmọ. Ọwá fi adé kékeré kan jìn ọmọ náà, wọ́n sì pè é ní Ọwáfádéjì, Ọwá ló fi adé jìn mí. Nígbà tí ọmọ yìí dàgbà tó gorí oyè, orúkọ yẹn ló di oyè, tí gbogbo ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fi ń jẹ́ Déjì. Ẹ dákun, ìlú wo ló tún wà tí oyè ọba rẹ̀ gan-an ti inú àlejò ṣíṣe jáde? Ká ní Atakúnmọ́sà kò rí ibi sùn ní Àkúrẹ́ ni, Déjì kì bá tí sí.

Ọ̀nà Bìní yẹn náà ló jẹ́ kí ìlú wa mọ àlejò gbà. Àárín Bìní àti ilẹ̀ Èkìtì ni Àkúrẹ́ wà, ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ ti ń kọjá, àwọn ará Bìní sì wá ń gbé láàárín wa débi pé àwọn ìdílé tí à ń pè ní Adó-Àkúrẹ́ wà títí dòní. Ọjà Erékèsan, tó jẹ́ Ọjà Ọba, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Oníṣòwò á tajà, á lọ kí ọba, á sùn mọ́jú. Irú àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀: ọba wọ̀ sọ́dọ̀ ọba, ìránṣẹ́ wọ̀ sílé ìjòyè, oníṣòwò wọ̀ sílé alábàárà rẹ̀.

Ilé èrò ni àwọn àgbà ń pe ibi tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í kúrò lọ́kàn mi. Èrò ni arìnrìn-àjò, ẹni tó wà lọ́nà. Èrò náà sì ni ohun tí èèyàn ń rò nínú. Ohùn kan náà ni, ìró kan náà ni. Àwọn onímọ̀ èdè lè ní ọ̀tọ̀ ni gbòǹgbò wọn, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ní tèmi, nígbà tí mo bá rí àádọ́ta èèyàn tí wọ́n ti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí wọ́n sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan, tí wọ́n sì jókòó lówùúrọ̀ láti ro ọ̀rọ̀ pọ̀, n kò mọ ọ̀rọ̀ tó tún lè bá ilé yẹn mu ju ilé èrò lọ. Àwọn tó ń wá orúkọ Yorùbá fún hòtẹ́ẹ̀lì ìpàdé, ẹ má wá a jìnnà.

Bí ìjókòó ṣe ń lọ nínú ààfin náà ní àṣà tirẹ̀. Ìjòyè kì í jókòó síbi tó bá wù ú. Olúkúlùkù ló mọ àyè rẹ̀, Lísà mọ tirẹ̀, Ẹlẹ́mọ̀ mọ tirẹ̀. Bí ọba bá sì wàjà, ìpàdé kì í dáwọ́ dúró. Ọmọbìnrin ọba tó wàjà ni yóò di Adéèlé, yóò múra bí ọkùnrin, yóò dé adé, yóò sì máa darí ìlú títí wọ́n á fi yan ọba mìíràn. A tún rí i láàárín 2013 sí 2015, kí Ọba Aládétóyìnbó tó gorí ìtẹ́. Àwọn tó rò pé obìnrin ò ti ń ṣe alága ìpàdé rí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ bi wá ní Àkúrẹ́.

Ìyókù kò gùn. Ọba Adésídà Kìíní jẹ fún ọgọ́ta ọdún, láti 1897 sí 1957, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bá ìlú sọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní February 1976, Àkúrẹ́ di olú-ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba ya dé, hòtẹ́ẹ̀lì sì tẹ̀lé wọn. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ní 1981, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣèpàdé. Lábẹ́ Gómìnà Mímikò ni wọ́n kọ́ gbàgede àṣà àti ayẹyẹ ńlá tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dome sí ọ̀nà Ìgbàtòrò, òrùlé rẹ̀ rí roboto bí igbá tí wọ́n da ojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Alágbàká àti lẹ́bàá Ọ̀nà Ọba Adésídà ló ní họ́ọ̀lù tiwọn báyìí.

Àwọn tó ń bọ̀ fún ìpàdé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá yàrá sí àárín ìlú. Láti Ọ̀nà Ọba Adésídà, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn dé ààfin. Ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáadáa, kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi uá hàn yín. Ẹ kọjá sí Erékèsan lẹ́yìn náà, ẹ ra iṣu.

Tí ọjọ́ kan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìpàdé, Ìdànrè ni kí ẹ lọ, kò ju kìlómítà 25 lọ. Òkè náà ti wà lára ibi tí Nàìjíríà forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO láti 2007, kí wọ́n lè kà á mọ́ ogún àgbáyé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún ẹni tí èémí rẹ̀ bá já. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ máa rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, níbẹ̀, àti ilé ẹjọ́, àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wọ inú ààfin náà, kí ẹ wo àwọn òpó gbígbẹ́ tó yí àgbàlá rẹ̀ ká, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ ní Àkúrẹ́.